Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Ẹ̀rọ Òyìnbó

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò nílùú òyìnbó, kò sì sí òyìnbó kan ṣoṣo tó mọ orúkọ mi. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, tí onílé mi fi ń kí mi, tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi, Lásísì ni. Èmi kọ́ ni Lásísì. Lásísì ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, tó wà nílé ní Àpòmù, tó ń wúkọ́ ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kiri.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọdún kan àtààbọ̀ ni Lásísì fi jù mí lọ, àárín wa sì sún mọ́ra débi pé mi ò kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, àfi bí Baba bá wà nítòsí. Òun ni orí rẹ̀ pé. Òun ló ń gun kẹ̀kẹ́ láti Àpòmù lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ìkirè, tí àwọn tíṣà ń fi í yangàn. Èmi ní tèmi, nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo lọ kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn ní Ìkirè, ní ọ̀ọ́kán àwọn obìnrin tó ń din dódò. Ọwọ́ mi mọ irin. Ìwé ni mi ò ní sùúrù fún.

Lásísì yege ìdánwò, ó kọ̀wé sókè òkun, wọ́n sì gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Pásípọ́ọ̀tù jáde. Àyè ọkọ̀ ojú omi jáde. Ó ku oṣù méjì péré kó lọ ni ikọ́ gbé e. A kọ́kọ́ rò pé ikọ́ lásán ni, a fún un lágbo. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ikọ́ wá, a gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà ní ikọ́ ife ni, pé kó má ronú ìrìn àjò kankan, àwọn òyìnbó ò ní í jẹ́ kó wọ ìlú wọn.

Baba mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, ọ̀nà Ìkòyí loko wọn wà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọ́n pe àwa méjèèjì jókòó.

"Ìwé yìí ò gbọdọ̀ ṣòfò," ni wọ́n wí. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ lo máa lọ."

"Baba, orúkọ Lásísì ló wà níbẹ̀. Àwòrán ẹ̀ náà ló wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò jọra ni? Òyìnbó tó jẹ́ pé ojú kan náà ni gbogbo wa ní lójú ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo rò pé Lásísì á bínú, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà pé kó bínú, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀. Ó fi aṣọ nu ẹnu, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò fún un o. Mo yá a ni. Bí ara mi bá ti yá, màá gba orúkọ mi padà, màá lọ fúnra mi." Ó wá wò mí lójú. "Oṣooṣù ni kó o máa kọ̀wé sí mi, kó o máa sọ fún mi ohun tí orúkọ mi ń ṣe lọ́hùn-ún."

Mo fi Kùránì búra fún un, lójú Baba àti Ìyá. Gbogbo ìwà tí mo wá hù lẹ́yìn náà, tó dáa àti èyí tí kò dáa, ìbúra yẹn ló fà á.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó. Gbogbo èèyàn ló ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi, mo ti gbára dì fún un. Ọjọ́ tí mo lọ gba káàdì iṣẹ́ lẹ̀rù bà mí. Àwa bí ogún la jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, obìnrin kan sì ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mísítà Lásísì!"

Mo jókòó. Ó tún pè é. Mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì, mò ń rò ó lọ́kàn mi pé, ọmọ Yorùbá wo ló wà níbí tí wọ́n ń pè tí kò dáhùn? Ìgbà kẹta ló tó yé mi pé èmi ni. Nígbà tí mo fi máa dé iwájú rẹ̀, ó ti yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Etí ẹni yìí di." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi, ó ń fọwọ́ júwe bí mo ṣe máa kọ orúkọ. Mo gbà pé mo dití. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ara mi. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, màá pe "Lásísì!" síta, màá sì dáhùn, "Mo wà níbí!" Ẹ wo ayé mi lóde! Gìrìpá ọkùnrin, tó ń pe ara ẹ̀, tó tún ń dá ara ẹ̀ lóhùn.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gba Lásísì sí, oṣù mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Orí Lásísì ni wọ́n gbà síbẹ̀, kì í ṣe tèmi. Ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó, mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo kó ẹrù mi, mo wọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, wọ́n sì gbà mí sí fákítìrì ńlá kan, pé kí n máa gbá ilẹ̀.

Lẹ́tà Lásísì kì í pẹ́. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyí, kò tiẹ̀ ní í kí mi tán: "Àbúrò mi, kí ni orúkọ mi ṣe lóṣù yìí?" Èmi náà á jókòó, màá kọ ọ́ pé, orúkọ rẹ yege nínú ìṣirò. Orúkọ rẹ ṣe ipò kejì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bọ orúkọ rẹ lọ́wọ́. Irọ́ burúkú! Ilẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń gbá. Awọ màlúù tí wọ́n gé kù ni orúkọ rẹ̀ ń kó sínú àpò. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń fi ọwọ́ bo lẹ́tà náà bí mo ṣe ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló wà nínú yàrá.

Ọjọ́ Sunday ló burú jù. Ọjọ́ iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ wà, èèyàn á pè ọ́ pé wá gbé èyí, lọ gbé tọ̀hún. Ọjọ́ Sunday, gbogbo ìlú á pa rọ́rọ́, onílé mi á se ọ̀dùnkún láìfi ata sí i, á gbé e síwájú mi, á ní, "Lásísì, jẹun." Màá jẹ ẹ́. Màá wá máa rò ó pé ní Ìkirè báyìí, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ á ti dúró, àwọn obìnrin á ti sáré yí i ká pẹ̀lú dódò nínú ewé, epo á ti máa kán sílẹ̀, ẹnì kan á sì máa pe ọ̀gá mi, á máa bú u nítorí kẹ̀kẹ́. Mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kan bú mi, kó sì fi orúkọ mi gan-an bú mi. Òyìnbó ò bú mi púpọ̀ o, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń wò mí kọjá ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣàánú mi, Lásísì ni wọ́n ń ṣàánú, èmi ò rí níbẹ̀ jẹ.

Ọdún kẹta ni fákítìrì náà ra kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ kọ̀ǹpútà nísinsìnyí, ẹ má rò pé ohun tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ni. Yàrá tí wọ́n kó o sí tóbi tó mọ́ṣáláṣí wa ní Àpòmù. Gbogbo ohun tó kan bàtà ni wọ́n ń kọ sínú ẹ̀: ìwọ̀n ẹsẹ̀, irú awọ, ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ ẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n máa nu yàrá náà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń gba káàdì oníhò tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ wọlé há, àwọn tó kàwé yí i ká, wọ́n ń wò ó. Mo sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, mo yọ káàdì tó ká kò síbẹ̀, mo tún irin kékeré kan tẹ̀ bọ̀ sípò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ọ̀gá yàrá náà ń jẹ́ Whitlock, ọkùnrin gbọọrọ kan tí dígí ojú ẹ̀ kì í dúró lórí imú. Ó ní, "Lásísì, ta ló kọ́ ọ?"

"Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe nílé, sà."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa gbé téèpù tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan pamọ́ sí. Ó fún mi ní ìwé nípa ẹ̀rọ náà. Ìyanu ibẹ̀ ni pé mo kà á! Èmi tí ìwé ń sú! Nítorí mo lè dìde lórí ìwé kí n lọ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo ti lè kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ kó sì ṣe é. Ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí kò ní irọ́ nínú sí Lásísì.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà. Kò sí iṣẹ́ tó lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn láìjẹ́ pé ó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan. Orúkọ tí iṣẹ́ náà bá ń jẹ́ ni ẹ̀rọ máa wò kó tó mọ ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún un. Orúkọ Whitlock ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Orúkọ àwa tó kù ń ṣí díẹ̀. Bí wọ́n bá pa orúkọ ẹnì kan rẹ́ nínú ẹ̀rọ, gbogbo iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ wọn nìyẹn. Iṣẹ́ kan sì wà tí èèyàn ń dúró tì. Òmíràn wà tó jẹ́ pé abẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣe tiẹ̀: kò sẹ́ni tó ń pè é, á jí fúnra ẹ̀, á ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, á padà sùn.

Irú iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yẹn kan ni Whitlock ní kí n kọ. Ní ìdájí lójoojúmọ́, kí òṣìṣẹ́ tó dé, kó ṣe àdàkọ gbogbo àkọsílẹ̀ sórí téèpù mìíràn, kó lè jẹ́ pé bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, èyí wà. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kọ ọ́. Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, ọ̀gá àgbà fákítìrì fúnra ẹ̀ wá wò ó. Ó ní iṣẹ́ ọpọlọ nìyí, ta ló ṣe é?

Whitlock ní, "Ẹ̀ka wa ni, sà."

Mo wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, mo gbé téèpù mẹ́rin lọ́wọ́. Ọ̀gá àgbà bọ Whitlock lọ́wọ́, ó sì jáde.

Lẹ́yìn tó lọ, Whitlock pè mí. "Ó ku orúkọ tó máa jẹ́. Má fi sórúkọ mi, má fi sórúkọ rẹ. Dá orúkọ kan sílẹ̀ fún un tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn tó nílò nìkan sì ni kó o jẹ́ kó lè ṣí. Èèyàn lè fi ibí sílẹ̀ nígbàkigbà. Iṣẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ bá èèyàn lọ."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, títí dòní mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọ̀sẹ̀ méje tí mo fi ṣe wàhálà iṣẹ́ yẹn, "ẹ̀ka wa" ló ṣe é! Mo tún rántí ìbúra mi. Mo jókòó, mo lu ihò sí káàdì rẹ̀, mo sì fi iṣẹ́ náà sórúkọ LASISI.

Láti ọjọ́ náà, ohun tó máa ń wà lórí bébà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde, ní ìlà àkọ́kọ́ pátápátá, ni LASISI, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, àti pé iṣẹ́ ti pé. Whitlock ò ka ìlà àkọ́kọ́ rí. Mo ya ọ̀kan nínú àwọn bébà náà, mo ká a, mo fi ránṣẹ́ sí Àpòmù.

Èsì Lásísì dé kíákíá. Ó ní òun ti fi ẹ̀kọ mímu lẹ bébà náà mọ́ ògiri lókè ibùsùn òun, pé ẹni tó bá wá kí òun, òun á kọ́kọ́ kà á fún un kí olúwarẹ̀ tó jókòó. Ó ní Baba mú Lèmọ́mù wá wò ó, Lèmọ́mù ní Alhamdulillahi. Ó béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń rán an kó tó ṣe é? Ó ní, "Mo wá rò ó pé bí mo ṣe dùbúlẹ̀ síbí yìí, mo ti ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Orúkọ mi ò wúkọ́ lọ́hùn-ún."

Mo ka ibẹ̀ yẹn títí bébà náà fi gbó. Bí mo bá ń wọlé iṣẹ́ láàárọ̀, mi ò ní í tíì bọ́ kóòtù tí màá ti lọ wo ìlà àkọ́kọ́. LASISI, iṣẹ́ ti pé. Ayọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní nílùú yẹn nìyẹn, ẹ má bi mí léèrè òmíràn.

Ọdún kẹfà ni mo bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ní ìgbà náà, èèyàn á ti kọ̀wé sílé ṣáájú, kí wọ́n lọ dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìbàdàn ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún wa. Ohùn Ìyá ló kọ́kọ́ dé. Wọn ò kí mi. Orúkọ mi ni wọ́n pè, orúkọ tí wọ́n sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Mo bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

"Àbí òun kọ́ ni?" Mo gbọ́ tí Ìyá ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Èmi ni, Ìyá. Èmi náà ni."

"Ṣó ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Ohùn ẹ ti rù." Ẹkún gbà wọ́n, wọ́n gbé fóònù fún Lásísì.

Ó ní, "Àbúrò mi. Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ yìí náà, ó ti parí kí n tó dé ibẹ̀."

"Bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Mò ń bọ̀ wá gbà á." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò tán, mo sì ń gbọ́ ọ títí wọ́n fi gé wa.

Nínú ọdún kẹjọ, lẹ́tà kan dé, kì í ṣe ọwọ́ Lásísì ló kọ ọ́. Áfáà kan ló bá Ìyá kọ ọ́. Mo rí i lára àpò ìwé náà kí n tó já a, ọkàn mi ti mọ̀. Wọ́n ní Lásísì ti padà sọ́dọ̀ Ẹni tó dá a, wọ́n sì ti sin ín sẹ́yìn ilé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ó ní kí wọ́n má ṣí bébà ara ògiri kúrò.

Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo lọ. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Mo wọ yàrá ẹ̀rọ, mo gbé bébà. LASISI, iṣẹ́ ti pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà nínú ilẹ̀, lójoojúmọ́ ló ń dé síbi iṣẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Whitlock bá mi níbẹ̀. Kì í ṣèèyàn búburú, ohun tó ń dùn mí jù nípa ẹ̀ nìyẹn. Ó gbé mi dìde, ó po tíì fún mi fúnra ẹ̀.

"Kí ló dé, Lásísì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kú, sà."

"Ó mà ṣe o. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kọ̀wé sí ọ? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo lanu. Bí mo bá ní Lásísì, á ní, ìwọ wá ńkọ́? Pásípọ́ọ̀tù, káàdì iṣẹ́, ọdún mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ á wó lulẹ̀ lórí ife tíì kan. Ó ń wò mí, ó ń retí. Mo bá dá orúkọ kan fún un. Orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn, mi ò wá a lọ, wallahi: orúkọ tèmi gan-an ni. Mo ní òun ló kú.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n fún mi ní káàdì kan tí wọ́n ya òdòdó funfun sí. Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀rọ ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n bá mi kẹ́dùn ikú ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, wọ́n sì kọ orúkọ mi síbẹ̀ gàdàgbà, pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òyìnbó máa kọ orúkọ mi sílẹ̀ nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ ṣì í kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rójú gbé ibẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pè mí, mò ń dáhùn fún òkú. Bí mo bá dákẹ́, ta ni mo ń jẹ́? Wọ́n dá ipò igbákejì ọ̀gá sílẹ̀ fún yàrá ẹ̀rọ, wọ́n gbé e fún ọkùnrin kan tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé téèpù sórí ẹ̀rọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ fún mi. Mo ní mò ń lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Whitlock bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá lọ, wọ́n máa pa orúkọ mi rẹ́ nínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ Monday. Ó ní, "Ṣé kò sí ohun tó yẹ kó o sọ fún wa kó o tó lọ?"

Mo mọ̀. Mi ò ní í parọ́ fún yín pé mo gbàgbé. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pa LASISI rẹ́, iṣẹ́ yẹn á jí ní ìdájí, ilẹ̀kùn ò ní í ṣí fún un, kò sì ní í pariwo, á kàn padà sùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà mí. Mo rántí "ẹ̀ka wa ni, sà." Mo ní, "Kò sí, sà."

Nígbà tí mo dé Àpòmù, Baba ti darúgbó kọjá ọ̀rọ̀, Ìyá ti tín-ín-rín. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣàdúà fún un. Wọ́n mú mi wọ yàrá ẹ̀. Bébà náà wà níbẹ̀, ó ti pọ́n, èéfín àtùpà ti mú un, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ ṣì hàn. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ padà ní Ìkirè, mo ń lọ láàárọ̀, mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ará ilé ń pè mí ní orúkọ mi, mi ò sì kì í tètè gbọ́. Wọ́n ní òyìnbó ti di mí létí.

Oṣù karùn-ún tí mo dé, ọjọ́ Friday kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń lẹ rọ́bà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ìyá wà nílé ìdáná, mo ń gbọ́ odó wọn. Akólẹ́tà láti Ìkirè yà wọlé, kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

"Lásísì! Lẹ́tà òyìnbó o! Lásísì!"

"Mo wà níbí!"

Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Odó dákẹ́. Ìyá jáde síta, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wá ẹni tó dáhùn. Mo rí ojú wọn. Àsìkò díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí mi.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́," ni Ìyá wí. "Mo bẹ̀ ọ́. Má dáhùn fún un mọ́."

Whitlock ló kọ̀wé. Ó ní téèpù ńlá bàjẹ́, nígbà tí wọ́n sì máa wá èyí tó jẹ́ àdàkọ, wọ́n rí i pé láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti lọ ni iṣẹ́ náà kò ti ṣe ohunkóhun, kò sì sẹ́ni tó fura. Àkọsílẹ̀ odidi oṣù mélòó kan ti lọ. Wọ́n ti dá òun lẹ́bi. Ó ní, "Lásísì, kí ló dé tó o fi sórúkọ rẹ? Ṣé mi ò kìlọ̀ fún ọ ni?" Ó bẹ̀ mí kí n kọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe ránṣẹ́. Mo rò pé inú mi á dùn lọ́jọ́ tí irú lẹ́tà yìí bá dé. Kò dùn.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá ṣì dúró lórí mi.

"Wọ́n ní iṣẹ́ Lásísì ti dúró."

"Wọn ò tíì gbọ́ pé ó ti kú ni?"

"Wọn ò gbọ́, mà."

"Kọ̀wé sí wọn. Sọ fún wọn pé ó ti kú. Kí wọ́n yé pè é."

Mo wọlé, mo jókòó sétí ibùsùn Lásísì, mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo bí wọ́n ṣe máa tún iṣẹ́ náà ṣe: kí wọ́n dá orúkọ kan sílẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n ṣí fún un, èyí tó yẹ kí wọ́n tì. Mo kọ ọ́ pé Lásísì ti kú, pé ó ti pẹ́ tó ti kú. Ó wá ku kí n fọwọ́ sí i. Mi ò lè kọ Lásísì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó kú ni. Mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tèmi, mo sì rántí káàdì olódòdó funfun yẹn. Orúkọ yìí, àwọn òyìnbó ti kẹ́dùn ẹ̀, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé sí i. Ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó ń jẹ́ ẹ ti wà nínú ilẹ̀.

Mo pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, láìní orúkọ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà ti kà á débí, ẹ ò rí orúkọ mi níbì kankan.

Ìyá se ọbẹ̀ tán, wọ́n ń pe àwọn ará ilé wá jẹun. Wọ́n pe Baba. Wọ́n pè mí. Mo gbọ́ ọ, mo ń wo ògiri, mò ń retí kí ẹni tí wọ́n ń pè dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi pè mí kí n tó dìde.